Ẹ̀fẹ̀ àti àwàdà àwọn olóṣèlú nínú ìjíròrò ilé aṣòfin

Ẹ̀fẹ̀ àti àwàdà nínú ìjíròrò ilé aṣòfin ni àwọn ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, àpárá, òwe àti ìfèsì ojú-ẹsẹ̀ tí àwọn aṣòfin máa ń sọ sí ara wọn nígbà tí ilé bá jókòó. Ó jẹ́ ara ìṣe ilé aṣòfin ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ń lo ìjọba àwa-ara-wa. Ó sì ní ìtàn pàtàkì ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, níbi tí gbólóhùn kan tí olóṣèlú kan sọ ní Ìbàdàn ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá tí tọmọdé tàgbà mọ̀, tí ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé aṣòfin kan náà ní ọdún 1962 sì dé ọ̀pọ̀ ìlú, Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú.

Àyọkà yìí ṣàlàyé ohun tí ẹ̀fẹ̀ jẹ́ nínú ilé aṣòfin, òfin tí ó dáàbò bò ó, ìtàn rẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá, àti bí ó ṣe kan agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ìtumọ̀ àti irúfẹ́

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ohun tí ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn sì ṣe pàtàkì láti lóye ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé aṣòfin. Àwàdà ni ọ̀rọ̀ tí a sọ kí ara lè tu gbogbo ènìyàn, tí kò ní ẹni tí ó ń bá wí. Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ àwàdà tí ó ní orí tí ó dá lé: ó ń pa ni lẹ́rìn-ín, ó sì ń tọ́ka sí àléébù. Àpárá ni ti àwọn tí wọ́n mọ ara wọn dáadáa, tí ẹnìkan lè sọ ohun tí ó le sí èkejì láìjẹ́ pé inú ń bí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Yẹ̀yẹ́ ni kí a sọ ènìyàn fúnra rẹ̀ di ohun tí a ń fi rẹ́rìn-ín. Eébú ni ọ̀rọ̀ àbùkù tí kò fi ara pamọ́ rárá.

Nínú ìjíròrò, ọ̀rọ̀ lè kọjá láti ọ̀kan sí òmíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Aṣòfin lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwàdà, kí ẹni tí ó jókòó ní òdìkejì fi ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn, kí ẹlòmíràn sì sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ Abẹnugan ilé ni láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, kí ó sì dá a dúró kí ó tó di eébú.

Irúfẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìfèsì ojú-ẹsẹ̀, èyí tí aṣòfin máa ń fún ẹni tí ó bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Òmíràn ni fífi orúkọ, àmì ẹgbẹ́ tàbí ìlú ẹni ṣeré. Ní ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, àkùkọ sì ni àmì NCNC. Ní àwùjọ tí ó mọ òwe púpọ̀ nípa ọ̀pẹ àti nípa adìẹ, kò ṣòro láti rí ohun tí a óò fi ta ara ẹni ní ẹ̀fẹ̀. Irúfẹ́ kẹta ni èdè gàgàrà, níbi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò ti to ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ títí ẹ̀rín yóò fi sọ.

Gbòǹgbò rẹ̀ nínú àṣà Yorùbá

Kí ilé aṣòfin tó dé, àwọn Yorùbá ti ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún sísọ òtítọ́ kíkorò pẹ̀lú ẹ̀rín. Èyí tí ó lókìkí jù ni Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe ní òru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láàárín àwọn Yorùbá Kétu àti àwọn aládùúgbò wọn, ní ilẹ̀ Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní òru náà, ẹni tí ó gbé Ẹ̀fẹ̀ lè kọrin bá ẹnikẹ́ni wí, ìbáà ṣe olówó tàbí olóyè, nítorí pé àṣà ti fún un ní àṣẹ. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá ọmọ aráyé ní ọdún 2001. Ní Ìbàdàn, ọdún Òkè'Bàdàn ní irú àyè kan náà: àwọn ènìyàn máa ń kọ orin tí wọn kò jẹ́ kọ ní ọjọ́ mìíràn káàkiri ìgboro, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kì í sì í bínú.

Òwe tí ó sọ pé ọba kì í mú ọ̀kọrin fi ìlànà yìí hàn kedere. Kì í ṣe pé ohun tí ọ̀kọrin sọ kò dun ọba. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé bí ọba bá mú un, kò ní sí ẹni tí yóò tún sọ òtítọ́ fún un mọ́.

Nínú agbo ilé pẹ̀lú, àṣà ti la ọ̀nà fún ẹ̀fẹ̀ kí ó má baà di àfojúdi. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ tí ó bá nílé. Ó máa ń fún wọn ní orúkọ mìíràn bíi Adúmáadán tàbí Ẹyinfúnjowó. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn orúkọ wọ̀nyí jẹ́ oríyìn, ó lè fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ọ̀wọ̀ àti àpárá wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Irú ìdàpọ̀ yìí ni a rí nínú ilé aṣòfin, níbi tí a ti gbọ́dọ̀ pe alátakò ẹni ní ọlọ́lá kí a tó sọ pé kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Òfin àti ìlànà tí ó rọ̀ mọ́ ọn

Ohun mẹ́ta ni ó jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ lè wà nínú ilé aṣòfin láìdá ìjà sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ààbò òfin. Ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n jogún ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, a kò lè pe aṣòfin lẹ́jọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ nínú ìjókòó ilé. Bí ó bá tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ní ìta, òfin ìbanilórúkọjẹ́ lè mú un. Èyí ni ó jọ àyè tí àṣà fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbé Ẹ̀fẹ̀: ibi kan wà, àkókò kan sì wà, tí a lè sọ ohun tí a kò lè sọ níbòmíràn.

Èkejì ni agbára Abẹnugan. Aṣòfin kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Abẹnugan ni ó ń bá sọ̀rọ̀, yóò sì máa pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọmọ ilé ọlọ́lá tí ó ń ṣojú ìlú báyìí. Àyíká ọ̀rọ̀ yìí ń fa ọwọ́ ìbínú sẹ́yìn, ó sì tún ń dá kún ẹ̀rín, nítorí pé ìyàtọ̀ máa ń wà láàárín adùn orúkọ oyè àti mímú ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Abẹnugan lè ní kí ẹnìkan kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Bí ó bá kọ̀, ó lè ní kí ó jáde.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ èdè. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ní abala 55 pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò máa lò, àti èdè Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Abala 97 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní àyè láti fi ìpinnu yan èdè ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìjíròrò ń wáyé nínú rẹ̀. Nígbà tí aṣòfin Yorùbá bá fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ tí ó wọni lára, ó sábà máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ó pa òwe, kí ó sì padà. Ẹ̀fẹ̀ kì í fẹ́ kí a túmọ̀ òun: bí a bá ti ní láti ṣàlàyé rẹ̀, ẹ̀rín ti kọjá.

Ìtàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Adélabú àti pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì

Ìdìbò ọdún 1951 ni ó sọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn di ibi tí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ti ń kojú ara wọn. Ẹgbẹ́ Action Group, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó ṣe ìjọba. NCNC ni alátakò.

Nínú àwọn alátakò náà, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú tó Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí ní ọdún 1915. Ó wọ ilé náà lẹ́yìn ìdìbò 1951, ó sì di olórí àwọn alátakò ní ọdún 1956. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá, ó sì mọ Yorùbá ìgboro pẹ̀lú. Ìtàn tí ó lókìkí jù nípa rẹ̀ ni pé nígbà kan tí ó ń sọ̀rọ̀, ó pe ipò tí nǹkan wà ní «peculiar mess», èyí tí ó túmọ̀ sí ìdàrúdàpọ̀ tí kò ní irú. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún, wọ́n sì sọ ọ́ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú èdè Yorùbá fún wàhálà òṣèlú àti rúdurùdu gbogbo. Wọlé Ṣóyínká lò ó nínú àkọlé ìwé rẹ̀ kan tí ó jáde ní ọdún 1994.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ẹ̀fẹ̀ ilé aṣòfin kì í dúró sí inú gbọ̀ngán. Àwọn tí kò lè ka ìwé àkọsílẹ̀ ilé, tí wọn kò sì lè wọ ibi ìjókòó àlejò, mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìjíròrò gígùn, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958.

Akíntọ́lá

Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí wọ́n bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1910, ni ènìyàn kejì tí a máa ń dárúkọ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fẹ̀ òṣèlú ní ilẹ̀ Yorùbá. Akọ̀ròyìn àti agbẹjọ́rò ni. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó kí ó tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kejìlá ọdún 1959. Ọgbọ́n rẹ̀ ni láti yí ọ̀rọ̀ padà kí ó ní ìtumọ̀ méjì, àti láti fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun tí ó le. Ẹnu ni a fi ń gbé ọ̀pọ̀ àwàdà rẹ̀ kiri títí di òní, àwọn alátakò rẹ̀ pàápàá sì máa ń sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ̀rín bá jáde sí ìgboro

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rín ni ó ń tu ni lára. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ nínú ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1956. Àwọn aṣòfin Àríwá kò fara mọ́ ọdún tí ó dá, àwọn ti Action Group àti NCNC sì jáde kúrò nínú ilé. Nígbà tí àwọn aṣòfin Àríwá jáde, èrò tí ó wà ní ìta fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń hó lé wọn lórí. Àbùkù náà kò tán ní Èkó. Nígbà tí àwọn olóṣèlú Gúúsù fẹ́ lọ ṣe ìpolongo ní Kánò ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ènìyàn 36 ni ìjọba sì sọ pé ó kú.

Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962

Ìjà láàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ni ó mú ìgbà ẹ̀fẹ̀ wá sí òpin nínú ilé aṣòfin Ìbàdàn. Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọ̀ọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ Akíntọ́lá kúrò ní ipò, ó sì fi D. S. Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Ilé jókòó ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún láti fọwọ́ sí olórí ìjọba tuntun.

Bí wọ́n ti fẹ́ gbé àbá àkọ́kọ́ kalẹ̀ ni E. O. Òkè, tí ó jẹ́ alátìlẹ́yìn Akíntọ́lá, fò sí orí tábìlì, tí ó sì ń pariwo ní Gẹ̀ẹ́sì pé iná ń jó lórí òkè. Gbogbo ẹni tí ó lọ sí ilé-ìwé ní Nàìjíríà mọ gbólóhùn náà: ara eré òṣùpá àwọn ọmọdé ni, tí àwọn ọmọ fi ń sá yípo. Ní ọjọ́ náà, ìkìlọ̀ ìjà ni. Àga fò, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ ilé, ó sì ṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá fi èéfín atajú tú gbogbo wọn ká. Nígbà tí ilé tún jókòó, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, ni àwọn ọlọ́pàá bá ti ilé náà pa. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alámójútó.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ìgbà Adélabú kì í ṣe pé àwọn ènìyàn túbọ̀ bínú. Adélabú pẹ̀lú bínú. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní ìgbà tirẹ̀, apá méjèèjì ṣì gbà pé ọ̀rọ̀ ni ohun ìjà ilé náà, àti pé ẹni tí ó bá pàdánù lónìí lè borí lọ́la. Nígbà tí ìgbàgbọ́ yìí kú, eré ọmọdé di ohùn ogun.

Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà ní àríwá Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀wọ̀ ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n sì ni ti Ọ̀sẹ́. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ di ẹkùn kan tí ó ń yan aṣojú kan sí Ilé Aṣojú-ṣòfin tí ó ní ọmọ ilé 360 ní Àbújá. Nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́, tí ó ní ọmọ ilé 26, Ọ̀wọ̀ ní àyè méjì, Ọ̀sẹ́ sì ní ẹyọ kan.

Ipò Ọ̀wọ̀ nínú ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ kí ilé aṣòfin tuntun tó jókòó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1951, ní ìlú Ọ̀wọ̀, ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ Action Group fún gbogbo ayé rí. Ọlọ́wọ̀ ìgbà náà, Ọba Ọlátẹ́rù Ọlágbẹ̀gí Kejì, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1941, wà lára àwọn ọba tí wọ́n kó ipa nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Aṣòfin tí ó lókìkí jù láti agbègbè náà ni Michael Adékúnlé Ajáṣin, tí wọ́n bí ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1908. Olùkọ́ ni. Ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé Imade College láti ọdún 1947, ó sì ṣojú Ọ̀wọ̀ nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Èkó láti ọdún 1954 títí di ìgbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966. Ajáṣin kò di olókìkí nítorí ẹ̀fẹ̀. Ìwé tí ó kọ lórí ètò ẹ̀kọ́ ni ó di ìpìlẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Action Group, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955.

Ètò yìí gan-an wà lára ohun tí àwọn alátakò fi ẹ̀fẹ̀ àti àríwísí bá ìjọba jà lé lórí, pàápàá nípa owó-orí tí ó bá a dé. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ti ọdún 1954, àyè tí NCNC gbà ní Ìwọ̀-Oòrùn pọ̀ ju ti Action Group lọ, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ka ìkùnsínú nípa owó-orí mọ́ ara ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ètò náà kò dúró. Ẹ̀fẹ̀ alátakò fi agbára mú ìjọba láti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn tí yóò san owó náà. Olùkọ́ tí ó kọ ìwé ètò àti alátakò tí ó fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ jọ ń ṣe iṣẹ́ ilé aṣòfin ni.

Nígbà tí ìjà 1962 dé, ó pín Ọ̀wọ̀ sí méjì. Ajáṣin dúró ti Awólọ́wọ̀. Ọba Ọlágbẹ̀gí wà ní apá Akíntọ́lá. Àwọn ìdílé tí wọ́n ti ń jọ jẹun bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ohun tí kò sì yanjú ní ilé aṣòfin Ìbàdàn di ọ̀rọ̀ ìta gbangba. Rògbòdìyàn mú kí ọba kúrò ní ìlú ní ọdún 1966. Ọba Adékọ́lá Ògúnòyè Kejì gorí ìtẹ́ ní 1968, ó sì jọba títí di 1993, ọdún tí Ọlágbẹ̀gí padà sí orí oyè. Ọlágbẹ̀gí wàjà ní 1998.

Ajáṣin di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1979. Ní ìdìbò ọdún 1983, igbákejì rẹ̀, Akin Ọmọ́bọ́ríowó, díje pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ NPN. Nígbà tí wọ́n kéde pé Ọmọ́bọ́ríowó ni ó wọlé, ìgboro dàrú ní ìpínlẹ̀ náà, ẹ̀mí sì ṣòfò, kí ilé-ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajáṣin. Fún ìgbà kejì láàárín ọdún 25, àwọn ará agbègbè yìí rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn olóṣèlú kò bá lè bá ara wọn jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tún wà nípa agbègbè yìí tí ó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Èdè Ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò, ní Ìdóàní tí ó wà ní Ọ̀sẹ́, àwọn ará ìlú sì ní èdè tiwọn tí ó bá àwọn èdè Ẹ̀dó tan. Nítorí náà, aṣòfin láti ibẹ̀ lè ní ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta: èyí tí yóò sọ nílé, èyí tí yóò sọ ní Àkúrẹ́, àti èyí tí yóò sọ ní Àbújá. Èyí tí ó mú jù lè máà kọjá ẹnubodè ìlú rẹ̀.

Láti ọdún 1979 títí di òní

Nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin láti ọdún 2007 sí 2011, Patrick Obahiagbon, tí ó ṣojú Oredo ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ nítorí èdè gàgàrà. Àwọn ọmọ ilé máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó parí gbólóhùn. Ìṣe rẹ̀ rán àwọn àgbà létí K. O. Mbadiwe, aṣòfin àti mínísítà ìgbà ìṣèlú àkọ́kọ́, tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá bákan náà.

Tẹlifíṣàn àti fọ́nrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ti yí nǹkan padà. Ní ìgbà Adélabú, ẹ̀fẹ̀ ní láti fi ẹnu rìn dé ọjà. Lónìí, ó dé ọwọ́ ẹni tí ó wà ní Ìfọ́n kí ilé tó túká. Àwọn tí ó ń gbọ́ ọ kì í sì í ṣe àwọn tí ó mọ bí ìjíròrò ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wáyé ní oṣù Keje ọdún 2023. Nígbà tí Ilé Aṣòfin Àgbà ń jíròrò lórí àfikún owó iná mànàmáná, Ààrẹ ilé náà, Godswill Akpabio, sọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn tálákà mí, àwọn aṣòfin sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ará ìlú tí ó rí fọ́nrán náà kò rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Akpabio sọ fún Natasha Akpoti-Uduaghan, aṣòfin láti Ìpínlẹ̀ Kogí, pé kì í ṣe ilé ijó alẹ́ ni wọ́n wà, nígbà tí ó sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a pè é. Àríwísí pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, Akpabio sì tọrọ àforíjì nínú ilé ní oṣù kan náà.

Ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ilé Àwọn Aráàlú ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn aṣòfin Nàìjíríà ti jogún púpọ̀ nínú ìlànà yìí. Níbẹ̀, apá ìjọba àti apá alátakò máa ń kọjú sí ara wọn, ìlà méjì sì wà ní ilẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọjá nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Àṣà sọ pé gígùn idà méjì ni ó wà láàárín wọn. Aṣòfin kò gbọdọ̀ pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òpùrọ́. Nítorí èyí ni Winston Churchill ṣe wá ọ̀rọ̀ gígùn kan ní ọdún 1906 tí ó túmọ̀ sí àìpéye nínú ìlò ọ̀rọ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 2016, Abẹnugan lé Dennis Skinner jáde fún ọjọ́ náà nítorí orúkọ ẹlẹ́yà tí ó fi pe olórí ìjọba, tí ó sì kọ̀ láti kó o jẹ.

Ní ọdún 1978, Denis Healey sọ pé kí Geoffrey Howe kọ lu òun dà bí kí òkú àgùntàn gé ni jẹ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1990, Howe tí wọ́n kà sí aláìlẹ́nu dìde láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ó fi eré kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe àkàwé pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé nígbà tí àwọn aláré bá dé pápá ni wọ́n ń rí i pé balógun ẹgbẹ́ ti ṣẹ́ igi wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, Margaret Thatcher kéde pé òun yóò fi ipò olórí ìjọba sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ̀fẹ̀ ń ṣe àti àríwísí

Àwọn tí wọ́n gbè é lẹ́yìn sọ pé ẹ̀fẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Ó ń tú ìbínú ká kí ó tó di ìjà. Ó ń jẹ́ kí alátakò tí kò ní ìbò tó láti borí lè sọ ọ̀rọ̀ tí ìjọba kò ní gbàgbé. Ó ń mú kí ará ìlú rántí ohun tí ìjíròrò dá lé. Ó sì ń fi hàn pé àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ṣì ka ara wọn sí ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti sọ pé bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.

Àwọn alárìíwísí ní ẹ̀sùn mẹ́ta. Wọ́n ní ẹ̀rín lè bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tí àbá tí yóò gba owó lọ́wọ́ aráàlú yóò fi kọjá nígbà tí gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó sábà máa ń bọ́ sí orí àwọn tí wọn kò pọ̀ nínú ilé, pàápàá àwọn obìnrin. Wọ́n sì ní nígbà tí àwọn aṣòfin bá fi ìyà aráàlú ṣe ẹ̀rín láàárín ara wọn, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Àṣà Yorùbá ti fi òdiwọ̀n kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó gbé Ẹ̀fẹ̀ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń kọjú orin rẹ̀ sí ẹni tí ó lágbára jù ú lọ. Àwọn ènìyàn dáàbò bò ó nítorí pé tiwọn ni ó ń ṣe. Adélabú tí ó ń bá ìjọba wí láti àga alátakò wà ní ipò yìí. Aṣòfin tí ó di àṣẹ mú, tí ó sì fi aláìní rẹ́rìn-ín, kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Ìtàn Ìbàdàn àti ti Ọ̀wọ̀ fi hàn pé ilé aṣòfin lè yọ méjèèjì, àti pé àwọn tí ọfà náà ń bà kì í sábà jókòó nínú gbọ̀ngán.